Kọ̀bì Tí Mo Fi Ẹnu Kọ́

Kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo sọ.

Ọ̀rọ̀ kan péré. Òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ àbúrò màmá mi di ọba. Òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé bàbá àfẹ́sọ́nà mi kúrò lórí oyè. Òun náà ló jẹ́ kí n sunkún nínú kẹ̀kẹ́ láti Under G títí dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, tí oníkẹ̀kẹ́ fi ní kí n máa lọ, kí n má wulẹ̀ sanwó mọ́.

Olúwafèyíkẹ́mi lorúkọ mi. Ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ ni mí, Ọ̀yọ́ ni mo sì ti kọ́ṣẹ́ tíṣà, ìtàn ni mo kà. Nígbà tí iṣẹ́ tíṣà kò yọjú, mo sọ ẹnu mi di iṣẹ́: mo ń mú àwọn àlejò kiri wo ilé àtijọ́ àti iṣẹ́ ọnà àwọn baba ńlá wa. A máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, lọ́dọ̀ àwọn tó ń fín igbá àti àwọn agbẹ́gilére. A ó gba Ogbómọ̀ṣọ́ kọjá, a ó sì wá parí ìrìn àjò náà sí Abà Ẹlẹ́mu.

Ẹ lè máà mọ Abà Ẹlẹ́mu. Ẹ̀yìn Ìkòyí-Ilé ló wà, lójú ọ̀nà kan tí àwọn awakọ̀ máa ń bú mi títí a ó fi débẹ̀. Abúlé àwọn adẹ́mu ni láti ayébáyé. Ọ̀pẹ ló yí i ká, ilé alámọ̀ ló kún inú rẹ̀, ògiri wọn sì nípọn débi pé ooru ọ̀sán kì í wọlé. Ère ni wọ́n gbẹ́ sára òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Lára ilẹ̀kùn wọn, ẹ ó rí ẹja, ejò, ẹlẹ́ṣin, àti adẹ́mu tó fi igbà so ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ. Àlejò á wo gbogbo rẹ̀ tán, á jókòó sábẹ́ igi, á mu ẹmu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀kalẹ̀. Mo ti rí ọ̀jọ̀gbọ́n tó jókòó síbẹ̀ tó gbàgbé ohun tó bá wá.

Abúlé màmá mi ni. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu màmá mi o. Díákónẹ́ẹ̀sì ni wọ́n nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, bí ẹnikẹ́ni bá sì bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tí bàbá wọn ṣe, wọn á ní, "Àgbẹ̀ ni." Àgbẹ̀ wo? Adẹ́mu ni bàbá àgbà, kò sì sí ọjọ́ kan tó gbé ẹmu sọ̀kalẹ̀ tí kò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò dáadáa. Ẹ ò rí i pé mo jogún ẹnu mi níbì kan.

Ẹni tó kù kí ẹ mọ̀ ni Ọládépò, àfẹ́sọ́nà mi. Ọmọ Baálẹ̀ Abà Ẹlẹ́mu ni, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ogbómọ̀ṣọ́, níbi tó ti ń ta iná sólà fún wọn. Bí oníbàárà bá gbé bátìrì tó ti kú wá, tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ bá ń sọ pé á jí, Ọládépò á ní, "Kò ní jí o, ẹ má fowó yín ṣòfò." Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn. Ẹbí rẹ̀ ń múra láti wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé wa lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Inú mi dùn débi pé mo ti ń yan aṣọ.

Ọjọ́ tí ẹnu mi kó bá mi, Dókítà Ọládipúpọ̀ ló kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá láti Ìbàdàn. Obìnrin tó mọ̀ nípa ilé kíkọ́ àtijọ́ ni, kò sì sí ohun tí mo fi hàn án tí kò tíì rí irú rẹ̀. Mo fi òpó hàn án, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n." Mo fi ilẹ̀kùn hàn án, ó ní, "Mo ti rí èyí tó dára jù báyìí lọ." Nígbà tí a fi máa wọ agbo ilé bàbá mi àgbà, ó ti ń yán. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ti ń bèèrè ibi tí ẹmu wà.

Ẹ gbọ́, mo lè fara da ìwọ̀sí. Ṣùgbọ́n kí èèyàn máa yán nílé bàbá mi àgbà, mi ò lè fara dà á.

Nínú àgbàlá náà, ibì kan wà tí òrùlé ti yọ síta lára ògiri. Ó ga díẹ̀ ju ìyókù lọ, òpó méjì ló gbé e ró. Lára ọ̀kan nínú òpó náà, wọ́n gbẹ́ obìnrin kan tó ká apá mọ́ àyà, tó ń wo iwájú gan-an láìrẹ́rìn-ín. Abẹ́ òrùlé ọ̀hún kò fẹ̀ ju ibi tí ẹnì kan lè nà sí lọ. Láti kékeré ni mo ti mọ ibẹ̀, mi ò sì bi ẹnikẹ́ni rí nípa ohun tó wà fún.

Dókítà na ìka sí i. "Kí lẹ ń pe eléyìí?"

Mo lè sọ pé mi ò mọ̀. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, ó ti dé ètè mi. Àfi bí Dókítà tún ṣe yán.

"Kọ̀bì ni, ma," ni mo wí.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nítòsí ààfin ti mọ ohun tí mo ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Kọ̀bì ni òrùlé tó máa ń yọ síta lára ògiri ààfin, tí òpó gbígbẹ́ gbé ró, tí ọba ń jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ọba nìkan ló ni ín. Bó ti wù kí olówó lówó tó, bó ti wù kí ìjòyè tóbi tó, kò gbọ́dọ̀ kọ́ kọ̀bì sílé ara rẹ̀ àfi tó bá ń wá ìjà. Baálẹ̀ Abà Ẹlẹ́mu alára kò ní. Bí ẹ bá wá sọ pé kọ̀bì wà nílé kan, ẹ ti sọ pé ọba ló nilé náà.

Yíyán yẹn dá dúró. Dókítà yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Kọ̀bì? Nínú abà àwọn adẹ́mu? Ilé ta nìyí?"

"Ilé bàbá mi àgbà ni, ma."

"Ṣùgbọ́n ilé yìí kéré fún ààfin."

"Ogun ló wó ìyókù, ma."

"Obìnrin ara òpó yìí ńkọ́?"

"Olorì ni, ma. Ó ń dúró de Kábíyèsí."

Ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó rán mi. Ẹnu mi kàn ń lọ ni, mo sì ń tẹ̀ lé e. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé ife ẹmu wọn sílẹ̀, wọ́n fa fóònù yọ. Wọ́n ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ, mo sì fi olorì kejì kún un. Mi ò lè parọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn, kò tíì sí àwùjọ tó tẹ́tí sí mi bẹ́ẹ̀ rí.

Kí Dókítà tó wọkọ̀, ó fọwọ́ gbá mi léjìká. Ó ní, "Mi ò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì ní sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Màá padà wá láti wá wò ó fínnífínní."

Ó yẹ kí ìyẹn bà mí lẹ́rù. Mo kàn rẹ́rìn-ín, mo juwọ́ sí wọn ni.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà gbé fídíò mi sórí Fesibúùkù, ó pè é ní "Ààfin Tí Ẹnikẹ́ni Kò Mọ̀." Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sórí Wọ́sáàpù. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti dé fóònù Ọ́ńkù Mátíù.

Ọ́ńkù Mátíù ni àbúrò màmá mi. Wọ́n ti fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀, ọ̀dọ̀ màmá àgbà ni wọ́n ń gbé ní Abà Ẹlẹ́mu, iṣẹ́ wọn ò sì ju kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kí wọ́n máa bú ìjọba lọ. Wọ́n pè mí lórí fóònù, ohùn wọn ti yàtọ̀.

"Fèyíkẹ́mi! Ṣé lóòótọ́ ni pé ọba ni wá?"

"Ọ́ńkù, ẹ má da ara yín láàmú, ọ̀rọ̀ àlejò lásán ni..."

"Mo mọ̀ ọ́n! Láti kékeré lara mi ti ń sọ ọ́ fún mi. Kí ló dé tí mi ò lè jí ní kùtùkùtù? Kí ló dé tí mi ò lè ru ẹrù? Ẹ̀jẹ̀ ọba ni!"

Nígbà tí mo tún mú àwọn àlejò débẹ̀, Ọ́ńkù ti wà lábẹ́ òrùlé náà lórí àga oníke. Agbádá ńlá ló wà lọ́rùn wọn, ìrùkẹ̀rẹ̀ tí wọ́n rà ní Ọ̀yọ́ sì ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Àwọn àlejò dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n bá wọn ya fọ́tò. Ọ́ńkù ju ìrùkẹ̀rẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ ó ṣe é re." Màmá àgbà jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, wọ́n ń wò wá.

Ìgbà yẹn ló yẹ kí n dá a dúró. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò ti ń pọ̀ sí i, àwọn tó ń pè mí láti Èkó ń bèèrè bóyá "Kábíyèsí" á wà nílé. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo tiẹ̀ bá Ọ́ńkù tún fìlà wọn ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ìjà rèé. Ní Abà Ẹlẹ́mu, akèrègbè ẹmu tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀, ẹnu ọ̀nà Baálẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Kì í ṣe torí pé Baálẹ̀ fẹ́ràn ẹmu, àtọ̀gbẹ ò tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n lè mu ún mọ́. Ohun tí wọ́n fi ń fi hàn pé àwọn mọ ẹni tó ni abúlé ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, adẹ́mu kan tó ń jẹ́ Joseph, ọ̀rẹ́ Ọ́ńkù Mátíù, gbé tiẹ̀ gba iwájú ilé Baálẹ̀ kọjá. Ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ o. Ṣùgbọ́n ó kọjá, ó lọ gbé e kalẹ̀ síwájú Ọ́ńkù Mátíù, lábẹ́ kọ̀bì mi.

Ìlú dà rú. Àwọn kan ní ẹ̀tọ́ ẹlẹ́tọ̀ọ́ ni Baálẹ̀ gbà. Àwọn kan ní kí wọ́n lọ fọ́ akèrègbè mọ́ Joseph lórí. Ọmọ ìyá méjì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹmu wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n ní Baálẹ̀ wọ yàrá, wọn ò jẹun.

Ọládépò pè mí sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Under G. Nígbà tí mo débẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé mọ́ àwọn oníbàárà, ohun tí kì í ṣe.

"Fèyí, wọ́n ń sọ kiri pé bàbá mi jí oyè gbé."

"Ta ló sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ ni."

"Èmi? Mi ò dárúkọ bàbá ẹ rí o."

"O ní kọ̀bì wà nílé yín. Bí kọ̀bì bá wà nílé yín, kí wá ni bàbá mi ń jẹ́ nílé tiwa?"

Ó jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

"Bàbá mi ní ká dá mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ dúró. Wọ́n ní àwọn ò lè lọ tọrọ ìyàwó lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ gba oyè lọ́wọ́ àwọn. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè, kí n fẹnu ara mi bi ẹ́. Sọ fún mi, Fèyí. Ṣé kọ̀bì ni?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ dúró síbí yìí díẹ̀. Mo lè sọ òótọ́ nígbà yẹn, kó bínú, kí n bẹ̀ ẹ́, kó tán. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí kì í parọ́ lórí bátìrì lásánlàsàn ló jókòó síwájú mi, ẹ̀rù sì bà mí pé bó bá mọ̀ pé òpùrọ́ ni mí, kò ní fẹ́ mi mọ́.

Mo wò ó lójú. Mo ní, "Kọ̀bì ni."

Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa," ó ní. "Bó bá ti jẹ́ ìwọ lo sọ ọ́, màá lọ sọ fún bàbá mi."

Ẹkún inú kẹ̀kẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ yẹn ni mo sun ún. Èyí tó wá burú jù ni ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn náà. Ọládépò dúró níwájú Baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè, ó ní Fèyíkẹ́mi kì í parọ́, ó ní bó bá jẹ́ irọ́ ni, kí bàbá òun má pe òun lọ́mọ mọ́. Tìtorí ẹnu mi!

Baálẹ̀ wá kéde pé lọ́jọ́ tí Dókítà bá padà dé, kí gbogbo abúlé pé sí agbo ilé wa. Wọ́n ní bí Dókítà bá ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé kọ̀bì ni, àwọn fúnra àwọn á bọ́ fìlà fún Mátíù.

Mo sáré lọ bá Ọ́ńkù, mo kúnlẹ̀.

"Ọ́ńkù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde lábẹ́ ibí yìí. Mi ò mọ̀ bóyá kọ̀bì ni."

"Wò ó, ọmọ yìí," ni wọ́n wí, "ìwọ tó o kàwé lo sọ ọ́. O ò lè sọ pé o ò kàwé mọ́."

Mo bá wọ ọ̀dọ̀ màmá àgbà. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Mo jókòó sílẹ̀, mo bá wọn bó díẹ̀, mo wá rọra sọ ọ́.

"Màmá, bí wọ́n bá bi yín nípa ibi tí Ọ́ńkù ń jókòó sí yẹn, ẹ ṣáà ní ẹ ò rántí."

"Kí n ní mi ò rántí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, màmá."

Wọ́n wò mí. Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n pe oríkì mi. "Mo ti gbọ́, Àbẹ̀kẹ́ mi." Wọ́n padà sídìí ẹ̀gúsí wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi balẹ̀. Ẹ ò rí i pé mi ò gbọ́n rárá!

Lọ́jọ́ tí Dókítà dé, kò sí ibi tí ẹsẹ̀ lè dúró sí nínú àgbàlá wa. Baálẹ̀ àtàwọn ìjòyè jókòó sápá kan. Ọ́ńkù Mátíù jókòó lábẹ́ òrùlé náà pẹ̀lú ìrùkẹ̀rẹ̀. Ọládépò dúró sẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, mo sì fẹ́ kú.

Dókítà fa téèpù. Ó wọn ògiri, ó kan òpó, ó wo orí, ó wo ìsàlẹ̀. Ọ́ńkù gbé ẹsẹ̀ sókè kí wọ́n lè wọn abẹ́ àga. Nígbà tó yá, Dókítà kọjú sí Baálẹ̀.

"Ẹ kú sùúrù o, bàbá. Ojúlówó òpó àtijọ́ ni, iṣẹ́ agbẹ́gilére Ọ̀yọ́ sì ni, ọwọ́ náà mọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n ohun kan ò yé mi. Kọ̀bì máa ń kọjú sí gbangba, níbi tí àwọn èèyàn ti lè máa wo ọba. Eléyìí kọjú sí ilẹ̀kùn yàrá kan. Yàrá ta nìyẹn?"

"Tèmi ni," màmá àgbà dáhùn.

Gbogbo ojú yí sí wọn. Baálẹ̀ bọ́ fìlà díẹ̀ láti fi kí wọn.

"Ìyá, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin lẹ pẹ́ jù nílé yìí. Kí ni wọ́n kọ́ ibí yìí fún?"

Màmá àgbà dìde díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wò mí. Mo fojú bẹ̀ wọ́n. Wọ́n mi orí sí mi, bí ẹni tó ní kí n má dààmú.

"Àbẹ̀kẹ́ ní kí n sọ pé mi ò rántí," ni wọ́n wí.

Ariwo sọ. Mo ní kí ilẹ̀ lanu, kó gbé mi mì.

"Ṣùgbọ́n mo rántí," ni wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. "Bàbá wọn fẹ́ràn ẹmu. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ṣé mo purọ́?"

"Ẹ ò purọ́ o!" ni àwọn àgbà dáhùn pa pọ̀.

"Bó bá ti mu ún yó, mo máa ń tilẹ̀kùn mọ́ ọn ni. Ibẹ̀ yẹn ló máa ń jókòó sí, á máa bẹ̀ mí, á máa kì mí, títí oorun á fi gbé e lọ. Òjò wá ń pa á. Àánú ẹ̀ ń ṣe mí, mi ò sì fẹ́ kó wọlé. Ni mo bá ní kí wọ́n na òrùlé síta fún un."

Ẹ̀rín bú. Dókítà alára di òpó mú kó má baà ṣubú.

"Ìyá, obìnrin ara òpó yìí ńkọ́?"

"Èmi ni. Agbẹ́gilére tó wá láti Ọ̀yọ́, bàbá wọn ló ń bá mu ún. Àwọn méjèèjì ni mo jọ tì síta. Bó ṣe ń rí mi lójú fèrèsé náà ló gbẹ́ mi."

"Mo ti rí kọ̀bì," Dókítà wí, ó ń nu ojú. "Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti kọ́ òrùlé fún ìbínú ìyàwó rí."

Màmá àgbà ò tíì ṣe tán. Wọ́n kọjú sí ọmọ wọn. "Mátíù, dìde níbẹ̀. Ibi tí bàbá ẹ ti ń hanrun lo ti ń ju ìrùkẹ̀rẹ̀ látọjọ́ yìí."

Ọ́ńkù dìde. Agbádá kọ́ àga, àga tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ti ìrùkẹ̀rẹ̀ bọ abíyá, wọ́n fa àga náà lẹ́yìn bẹ́ẹ̀ wọlé. Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn. Joseph adẹ́mu ti dọ̀bálẹ̀ kó tó dìgbà tí wọ́n gbé fìlà náà fún wọn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Ọládépò ń wò mí láti ẹ̀yìn bàbá rẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Mo ti rí i tó bínú rí, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ìbínú. Ó yíjú, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ìgbà yẹn gan-an ni ojú tì mí dé ọkàn. Gbogbo ẹ̀rín yẹn, mi ò gbọ́ ọ mọ́.

Mo kúnlẹ̀ síwájú Baálẹ̀. "Bàbá, mo purọ́. Mi ò mọ ohun tí ibẹ̀ jẹ́. Mo kàn fẹ́ kí Dókítà yéé yán ni."

"Kó yéé ṣe kí ni?"

"Kó yéé yán, sà."

Ẹ̀rín tún gbé wọn lọ. Nígbà tí Baálẹ̀ rí ohùn padà, wọ́n ní, "Ọmọ tó lè fi ẹnu lásán fi èèyàn jọba, inú ilé mi ló yẹ kó wà, kí n lè máa ṣọ́ ọ. Ní tèmi, mo ti gbà. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni wàá fẹ́."

Nídìí ọ̀kadà rẹ̀ ni mo ti bá Ọládépò.

"Dépò, bàbá ti dárí jì mí."

"Mo gbọ́ ẹ̀rín wọn."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Irọ́ tí o pa fún Dókítà, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni, mo lè rẹ́rìn-ín sí i lọ́la. Ṣùgbọ́n mo di ọwọ́ ẹ mú, mo bi ẹ́, o wò mí lójú. Mo wá lọ fi ara mi dúró fún ẹ níwájú bàbá mi."

Ẹnu mi tí kì í dákẹ́ gbẹ.

"Mi ò ní kó parí," ó ní. "Mi ò sì ní kó má parí. Jẹ́ kí n rò ó ná." Ó ṣáná sí ọ̀kadà, ó lọ.

Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kọjá tí kò pè mí. Mo ń rí i ní Under G, á kí mi bó ṣe ń kí oníbàárà. Kódà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ti sọ mí di ọ̀rọ̀ ẹnu, bí ẹnì kan bá ń purọ́ fún wọn, wọ́n á ní, "Jọ̀ọ́, má kọ́ kọ̀bì fún mi." Màmá mi bínú sí mi torí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ti mọ̀ pé adẹ́mu ni bàbá wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n pè mí, wọ́n rọra bi mí bóyá lóòótọ́ ni pé àwọn àlejò fẹ́ràn òpó náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Hm. Èèyàn dáadáa ni bàbá mi, ẹmu ṣáà ni."

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ yín máa dùn bíi tèmi, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nìyí: "Mi ò mọ̀" kì í pa èèyàn. Ì bá ti gbà mí lọ́wọ́ gbogbo èyí.

Mo ṣì ń mú àlejò lọ sí Abà Ẹlẹ́mu. Òótọ́ ni mo ń sọ fún wọn báyìí, gbogbo ẹ̀, láti orí bàbá àgbà títí dórí èmi fúnra mi, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, Ọládépò wá tún iná sólà màmá àgbà ṣe. Mi ò mọ̀ pé á wá. Ó wà lórí àkàbà lẹ́yìn àwọn àlejò, wáyà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ.

Nígbà tí mo parí, ìyá kan nínú wọn nawọ́ sókè. "Ọmọ Baálẹ̀ yẹn wá ńkọ́? Ṣé ó padà fẹ́ ẹ?"

Ẹ mọ irú ẹni tí mo jẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni" ti wà lórí ahọ́n mi, ó ń dùn níbẹ̀. Àwọn àlejò fẹ́ kí ìtàn parí síbi tó dáa.

"Mi ò mọ̀, ma," ni mo wí. "Òun ló wà lórí àkàbà yẹn. Ẹ bi í."

Gbogbo wọn yíjú pọ̀. Ọládépò wo wáyà ọwọ́ rẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

"Ẹ má bínú o," ó sọ fún wọn. "Bàbá mi ń wá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tó máa rọrùn fún màmá Fèyí. Mo fẹ́ sọ fún un lónìí ni, ẹ kàn yára jù mí lọ ni."

Mo bú sẹ́kún. Mi ò lè dá a dúró, níwájú gbogbo wọn, pẹ̀lú ike ẹmu lọ́wọ́ mi. Àwọn àlejò rò pé ara ohun tí mo máa ń ṣe fún gbogbo ẹni tó bá wá ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Ìyá yẹn ní òun ò tíì rí eléré tó mọ ẹkún sun bẹ́ẹ̀.

Èyí nìkan ni mi ò tíì jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Ọládépò: mo nu ojú mi, mo tẹríba fún wọn, mo gba àtẹ́wọ́ náà.